Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Ara Rẹ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin ní Karmo lánàá, n ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé Àbújá. Ẹ má ro ààfin ńlá o, abà káfíńtà ni. Babalọlá, Sáríkì àwa Yorùbá, káfíńtà ni láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọba ni lọ́jọ́ Sátidé. Orí àga tí oníbàárà kan kò tíì wá gbé ló jókòó sí tó ń dájọ́. Ẹ má bá a wí. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tó mú nǹkan wọ́n, dé, ta ni iṣẹ́ kan ṣoṣo ń bọ́?

"Ta ló pẹjọ́?" Sáríkì bèèrè.

"Èmi Ẹfúnróyè ni, Kábíyèsí, àbúrò bàbá Fọlákẹ́. Ìkirè ni mo ti wá. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí bàbá ọmọ yìí ti kú. Mo dé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní wọ́n ti fà á fọ́kọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní, ta ló fà á fọ́kọ? Wọ́n ní bàbá rẹ̀!"

"Kai! Òkú dìde ni?" Màmúdù dẹ́rẹ́bà, tó wà nínú ìgbìmọ̀, fò sókè.

"Kò dìde o. Ọkùnrin yìí ni!"

Ó nawọ́ sí Àyàndá bírìkìlà. Bí ẹ bá rí Àyàndá, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ojú rẹ̀ tutù, ẹ ó fẹ́ kí ó súre fún yín. Kò bí ọmọ kankan. Irun yẹn ló fi ń jẹun lópin ọ̀sẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó, tí àwọn òbí rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, yóò fún un ní náírà mẹ́wàá, òun náà yóò sì bá a ṣe bàbá títí ọtí yóò fi tán.

"Ìyẹn nìkan kọ́," Ẹfúnróyè kígbe. "Òun náà ni bàbá ọkọ! Bàbá kan náà ló bí ọkọ, òun ló bí ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ àbúrò! Ẹ tú ìgbéyàwó yìí ká, kí n mú ọmọ mi lọ sílé."

Fọlákẹ́ bú sẹ́kún. Láníyì ọkọ rẹ̀, tó ń wa katakata níbi tí wọ́n ti ń la títì, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àánú wọn ṣe mí. Ojú ń ti kálukú wọn pé òun kò lẹ́nì kan ní Àbújá, ló bá yọ́ lọ bẹ Àyàndá, kò sì sọ fún ẹnì kejì.

"Àyàndá, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Láníyì wá lọ́jọ́ Ajé, Fọlákẹ́ wá lọ́jọ́rú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àfẹ́sọ́nà. Èmi náà ò sì bèèrè. Ẹni tó ń ṣòwò kì í wádìí oníbàárà."

"Nígbà tí o wá débẹ̀ ńkọ́?"

"Ìgbéyàwó kan ṣoṣo ni mo bá. Mo ti gbowó, mo sì ti ná an. Fìlà méjì wà lápò mi. Mo dé dúdú, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú àga bàbá ìyàwó, mo ní, 'A wá já òdòdó kan nínú ọgbà yín.' Àga ṣófo. Mo sáré dìde, mo dé pupa, mo jókòó sórí àga, mo ní, 'Ṣé ẹ ó lè tọ́jú rẹ̀?'"

"O sì gbà kíákíá?"

"Rárá o! Ọmọ mi kì í ṣe ọmọ ìyà. Ìdọ̀bálẹ̀ mẹ́ta ni mo gbà lọ́wọ́ ara mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí di òní."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí.

"Bàbá méjì ni," Jàbárù búra. "Bàbá ọkọ ga ju bàbá ìyàwó lọ. Wọ́n tilẹ̀ bára wọn jà nítorí obì."

"Ṣé o rí wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Bí ọ̀kan bá ti ń bọ̀, èkejì á ti lọ tọ̀."

"Irọ́!" Òjó, ẹlẹ́rìí kejì, fò dìde. "Bàbá kan ni. Mo rí i tó ń fo bẹ́ǹṣì."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Kábíyèsí, ìrẹsì ti ń jinná."

Màmúdù bèèrè iṣu ìdána.

"Bàbá ìyàwó ló ni ín," Àyàndá fèsì. "Mo ti gbé e lọ sílé."

"Ogójì iṣu!" Ẹfúnróyè figbe ta. "Iṣu àwa ará Ìkirè!"

Ìgbà náà ló yé mi pé iṣu wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Sáríkì na ọrùn. "Ẹjọ́ yìí kò le. Bàbá tí a háyà kì í ṣe bàbá. Ohun tó bá ṣe, asán ni. Mo tú…"

"Kábíyèsí," Àyàndá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jẹ́jẹ́, "lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi yín jẹ Sáríkì, wọ́n ní kí bàbá yín wá jẹ́rìí pé ilé ọlá lẹ ti wá. Èmi ni mo dìde. Fìlà aláwọ̀ ewé ni mo dé."

Màmúdù ń wo òrùlé.

"Ta ló ní mo tú nǹkan ká?" Sáríkì ní. "Ikọ́ ló gbé mi. Ẹ gbọ́ ìdájọ́! Fìlà ló ń jẹ́ bàbá. Àyàndá onífìlà dúdú kò bá Àyàndá onífìlà pupa tan. Ìgbéyàwó náà múlẹ̀. Ẹfúnróyè, ẹ padà sí Ìkirè. Ẹ̀gbọ́n yín onífìlà pupa ti fa ọmọ fọ́kọ."

Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Àyàndá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Dúró, n ò tíì parí. Bàbá tòótọ́ ni ọ́, ta ló sì gbọ́ ọ rí pé bàbá ń gba owó iṣẹ́? Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tí o ti ṣe bàbá rẹ̀ ní Karmo, ọmọ rẹ ni títí ayé. Bí ilé wọn bá jò, ìwọ ni. Bí wọ́n bá bímọ, ìwọ ni yóò ra àgbò. Mélòó ni wọ́n?"

"Mọ́kànlá, Kábíyèsí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú tì mí mọ́lé."

"Kí o fi ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀? Bàbá burúkú!"

Láníyì ti dọ̀bálẹ̀, Fọlákẹ́ ti kúnlẹ̀. "Bàbá wa, ẹ ṣé o. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí iṣu nílé." Ẹni tí kò bímọ rí wo àwọn méjèèjì nílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú. N ò lè sọ bóyá ẹkún ayọ̀ ni tàbí ẹkún ìnáwó.

Ibẹ̀ la wà tí Sáríkì fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó gbá agbádá rẹ̀ jọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ó ní. "Ọmọ yín kejìlá rèé. Pákó ti tán ní ṣọ́ọ̀bù."