Kérésì Tí Èmi àti Kọ̀ǹpútà Méjì Jọ Ṣe

Bí mo tiẹ̀ gbàgbé gbogbo Kérésì tí mo ti ṣe láyé, mi ò lè gbàgbé èyí tí mo ṣe ní Sábó nígbà tí ọdún 2000 kù dẹ̀dẹ̀ kó wọlé. Mo ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ra ètò tuntun kan tó ń mú kí kọ̀ǹpútà kan gbé òmíì sínú ara ẹ̀. Inú fèrèsé kékeré kan lójú ẹ̀ lẹ ti máa rí i, tí á máa ṣe bíi pé òun dá dúró.

Ọ̀gá ní, "Tí àwọn méjèèjì bá ń bára wọn sọ̀rọ̀ kí n tó ti ìrìn àjò ọdún dé, mo ti gbà ẹ́ síṣẹ́ nìyẹn. Tí wọn ò bá sọ̀rọ̀, wá ibòmíì lọ."

Gbogbo ayálégbé ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta ti gba Iléṣà àti Ìjẹ̀bú lọ ṣọdún. Màámi ń retí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ránṣẹ́ sí wọn pé iṣẹ́ ò gbà mí láyè, èmi ọ̀gbẹ́ni oníkọ̀ǹpútà.

Ó wá kan nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀. Mo ro ó bíi ti ilé wa: ayálégbé mẹ́rìnlá, nọ́ńbà ilé kan ṣoṣo la ń kọ sí ẹ̀yìn lẹ́tà. Ṣebí inú èkejì lèyí náà ń gbé? Mo fún àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà kan náà. Ni kọ̀ǹpútà bá kọ ọ́ síta pé ẹnì kan ti ń lo nọ́ńbà yẹn. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi wá olè náà, nínú ọ́fíìsì tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà ńbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lókè, mo bá fi ìbínú gun àtẹ̀gùn. Àǹtí Bísí tó ń báni tẹ̀wé ni mo bá, wọ́n ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú tí kò lè dúró kí ọdún parí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ kọ̀ǹpútà yín kúrò lórí nọ́ńbà mi."

"Kọ̀ǹpútà wo? Tápíráítà ni mo ní." Wọ́n wò mí dáadáa. "Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?"

Ojú tì mí. Wọ́n bu ìrẹsì fún mi, mo sì ń jẹ, mo ń ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ilé lẹ jọ ń gbé, ẹ ò jọ sùn sí yàrá kan náà. Tí mo bá wá kí ẹ, ilẹ̀kùn ta ni mo máa kàn?"

Mo sọ̀kalẹ̀, mo fún ti inú ní nọ́ńbà tiẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dá ara wọn lóhùn.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "O ti wọlé," wọ́n sì jáde. Inú mi dùn débi pé mo ń wá ẹni tí mo máa sọ fún. Màámi ò ní fóònù. Àǹtí Bísí ti ti ilẹ̀kùn lọ. Ilé wa ṣì ṣófo. Mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ìta pé, "Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ o." Ó yọ lójú ti inú. Nígbà tí mi ò rí ẹni dáhùn, èmi náà ni mo lọ sí ti inú, mo tẹ̀ ẹ́ pé, "O kú oríire. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." Mo padà síta, mo ní, "Àmín."

Mo rẹ́rìn-ín ara mi títí omi fi bọ́ lójú mi, mi ò sì lè búra pé ẹ̀rín nìkan ló fà á. Ó yé mi lọ́jọ́ yẹn pé ayọ̀ tí èèyàn ò rí ẹni sọ ọ́ fún máa ń dunni ni. Láti ìgbà náà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣe Kérésì.