Kóòtù Tó Ku Bọ́tìnì

Àmọ̀tán ni wọ́n ń pe ọ̀gá kan lẹ́yìn rẹ̀, níbi iṣẹ́ áàpù táwọn èèyàn fi ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ síra wọn. Òun ló ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn áàpù náà fáwọn ará ìta, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè kọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ sínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta rèé, ẹnì kan ò yọjú. Bí kò bá rí ẹyọ ẹnì kan mú síwájú àwọn aláṣẹ lọ́la, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ló bá kọrí sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ránṣọ fún ìyàwó rẹ̀, tí òun náà ti fi áàpù bẹ̀ níṣẹ́ kóòtù láìtíì fojú rí i, kóun tiẹ̀ lè rí kóòtù gidi wọ̀ lọ gba ìbáwí.

"Àǹtí, ẹ káàsán. Èmi ni ọkọ oníbàárà yín, ọ̀gá áàpù. Kóòtù mi dà?"

"Kóòtù wo, Ọ̀gá?"

"Èyí tó ku bọ́tìnì! Àárọ̀ yìí lẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù mi."

"Èmi kọ́. Ẹ̀rọ ni. Ẹni tó bá ti béèrè aṣọ, ẹ̀rọ á sọ fún un pé ó ku bọ́tìnì."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀wé. "Ẹ̀rọ kì í ṣàdédé dáhùn nínú áàpù wa, Àǹtí. Èèyàn ló ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ ọpọlọ ni."

"Ẹ ṣáà ní ẹ ṣílẹ̀kùn. Mo wọlé."

Ọ̀gá jókòó gbì sórí àjákù aṣọ. Abẹ́rẹ́ gún un, ó fò dìde.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ìwé ìtọ́sọ́nà yín ni mo kà. Ẹ ò kà á ni?"

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i!"

"Mo rí i. Ṣé ẹ kà á?"

Ọ̀gá wúkọ́. "Àǹtí mi àtàtà, ẹ̀yin ni mo ti ń wá! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ̀wé sí wa?"

"Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo kọ ọ́. Ẹ ń dáhùn pé, 'Ẹ ṣeun, a ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí.'"

"Ẹ̀rọ tiwa nìyẹn."

"Ẹ̀yin alára ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi dí."

"Ẹ̀yin náà sì lẹ ń béèrè kóòtù láràárọ̀?"

Ojú ti Ọ̀gá gan-an. "Fóònù mi ni mo fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́. Aago mẹ́fà ló máa ń béèrè."

"Oorun ni mo máa ń sùn laago mẹ́fà."

"Èmi náà."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀gá kúnlẹ̀ sáàárín òwú. "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi lọ lọ́la. Wọ́n á lé mi!"

"Bí mo bá lọ, ta ni yóò gé kóòtù?"

"Gé? Ẹ ò tíì gé e?"

"Bọ́tìnì nìkan ni mo tíì rà." Ó fa téèpù yọ lọ́rùn. "Ọ̀gá, àwọn ẹ̀rọ wa ló mọra wọn. Ẹ jẹ́ káwọn lọ jókòó síwájú àwọn aláṣẹ. Ẹ̀yin, ẹ dìde, ẹ nàró kí n wọ̀n yín. Àwa méjèèjì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ríra."