Bí Ikùn Tíṣà Ṣe Di Ìṣirò

Ìyàwó Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa, ní ọjọ́ Àìkú tó parí ọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì dúró rẹ́rìn-ín kó tó parí rẹ̀.

Má-jókòó ni àwọn ọmọ ń pe Tíṣà ìṣirò yìí, torí kò sẹ́ni tí í fìdí kan àga ní kíláàsì rẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọ́ ìyọkúrò, wọ́n á máa fẹ̀yìn rìn. Bó bá jẹ́ ìlọ́po ni, wọ́n á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé ò gba tiẹ̀ rárá.

"Tíṣà, alábẹ̀wò ń bọ̀ láàárọ̀ yìí. Bí kò bá rí ìṣirò nínú eré yín, ẹ ò ní kọ́ ọmọ kankan mọ́. Fáìlì lẹ ó máa tò."

 Síbẹ̀, Tíṣà kó àwọn ọmọ jáde sí pápá láti lọ ya òbíríkítí.

"Èmi ni àárín," ló wí. "Mi ò ní mira."

Ó so okùn mítà mẹ́wàá mọ́ ikùn, ó na orí kejì okùn náà sí ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù, ó ní kó máa da ẹfun sílẹ̀ bó ṣe ń sáré.

Ọmọ gbéra. Fììì!

Lóòótọ́, Tíṣà ò mira. Bí ọmọ bá ti yí po, okùn á wé e lẹ́ẹ̀kan, òbíríkítí á sún kì. Nígbà tó fi di ìyípo kẹrin, apá rẹ̀ méjèèjì ti há sínú okùn, ẹfun ilẹ̀ sì rí bí ìkarahun ìgbín.

Gbìì! Tíṣà ṣubú bí ìtì igi.

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rín.

Bàtà alábẹ̀wò ló kọ́kọ́ rí.

"Tíṣà, ṣé ẹ ń sùn ni?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni àárín."

Ìyá náà yíjú sáwọn ọmọ. "Kí lẹ rí kọ́ níbí?"

 Ọ̀gá, tó tẹ̀lé e wá, ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ni ọmọbìnrin tó di okùn mú bá nawọ́ sókè.

"Mítà mẹ́wàá ni okùn, mà. Mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ mi. Mẹ́fà ti wé Tíṣà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ikùn wọn jẹ́ mítà kan ààbọ̀."

Tíṣà sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀. "Apá mi wà nínú ẹ̀."

"A mọ̀, sà. Ikùn ló pọ̀ jù níbẹ̀."

Alábẹ̀wò fa bírò yọ. "Ìṣirò gidi rèé. Àmọ́ ikùn ẹnì kan ò tó ẹ̀rí." Ó wo Ọ̀gá láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì sinmi díẹ̀ láàárín. "N ó padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà yanjú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀: mítà kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni okùn ká sí ikùn Ọ̀gá.

Ọ̀gá sì na apá rẹ̀ méjèèjì sókè.