Ìyá Lọ́ńdọ́nù, Ará Kabawa

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó dé Lọ́ńdọ́nù láì kúrò ní Kabawa, àdúgbò wa ní Lọ́kọ́ja, ẹ béèrè Patricia, ìyá Oyèníyì. Patricia A-sá-féèéfín, Òyìnbó etí odò, tó ń fi ìwé mẹ́fà ṣe fáàrí ìwé mẹ́rìndínlógún!

Ogún ọdún ló fi yan ẹja kí ọmọ rẹ̀ tó gboyè ní yunifásítì. Lọ́dún 1984, lẹ́tà Oyèníyì dé láti Èkó: "Màmá, wọ́n ti fún mi ní sikọ́láṣíìpù ìrìn-àjò, ti àwa tí a ń kàwé kúnwèé lórí òkun àti ẹja. Oṣù kẹwàá ni màá gbéra."

Patricia kò kà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni wọ́n ń sanwó ọkọ̀ fún tí kì í wọ bàálù lọ Lọ́ńdọ́nù? Ó ki lẹ́tà bọ férémù onígíláàsì, ó gbé e kọ́ ògiri. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé ọkọ́, ó wó ààrò amọ̀ tó fi ń yan ẹja, ó gbin òdòdó síbẹ̀.

"Kàrímọ́tù, sún sẹ́yìn," ló wí fún ẹni tí wọ́n jọ ń yan ẹja láti ìgbà ọmọge. "Èéfín ara rẹ ń ba lẹ́tà mi jẹ́."

"Màmá Oyèníyì, ṣé èéfín yìí kọ́ ló rán an níwèé?"

"Ìgbà yẹn nìyẹn. Mú ẹja àrọ̀ méjì wá, kí n kọ orúkọ rẹ mọ́ àwọn tí Oyèníyì máa ra kóòtù òtútù wá fún láti Lọ́ńdọ́nù."

Kóòtù! Nínú oòrùn Lọ́kọ́ja, tí Òkè Pátì fúnra rẹ̀ ń làágùn! Síbẹ̀, gbogbo wa la gbẹ́ja lọ, a tún ń jà lórí àwọ̀ tí kálukú fẹ́.

Ọjọ́ ìdágbére pé. Patricia gun bàtà gogoro, ó ń fimú sọ̀rọ̀. Oyèníyì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó, ó gbé òṣùwọ̀n ẹja sábíyá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ààrò wa dà?"

"Fi ààrò sílẹ̀. Aago mélòó ni bàálù rẹ?"

"Bàálù kẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ nípa òkun ló wọ̀ ọ́ lọ Dàkár. Ẹja odò ni tèmi. Lọ́kọ́ja ni wọ́n rán mi wá, oṣù mẹ́fà, kí n wo bí ẹ ṣe ń yan ẹja tí kì í bàjẹ́. Ṣebí mo kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà?"

Gbogbo ojú yí sí ògiri. Kàrímọ́tù ló já férémù wálẹ̀, ó yọ lẹ́tà, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ fún Oyèníyì, ó ní kó kà á sókè.

"'Ààrò yín ni mo júwe fún wọn tí wọ́n fi yàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òjò wó o.'"

Òjò kò wó o.

Oyèníyì tẹjú mọ́ òdòdó. "Màmá, bí kò bá sí ààrò, wọ́n á gba sikọ́láṣíìpù náà padà."

Fáàrí wábi gbà. Patricia kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wa. "Kàrímọ́tù, jọ̀ọ́, bá mi mọ òmíràn."

"Ìyá Lọ́ńdọ́nù, bọ́ bàtà, kó o wọnú amọ̀."

Ó wọ̀ ọ́ dé orúnkún, ti gèlè ti gèlè. Àwa tí a ti fi ẹja sanwó kóòtù tí a kò ní rí mọ́ pagbo yí i ká: "Ìyá Lọ́ńdọ́nù, báwo lọ̀hún o?"

Patricia fajú ro. Nígbà tó yá, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà.

"Ọ̀hún ti gbẹ jù! Ẹ bomi sí i!"