Ọkọ Àwòkọ́ṣe àti Díńgí Ẹ̀yìn Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọ̀gá Fíìmù, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ kó gbọ́, àìsàn lè kọlù ú. Akọ̀tàn-darí-ìtàn-ṣeré-fúnra-rẹ̀! Arẹwà-má-darúgbó! Ọkùnrin tó ń kí ara rẹ̀ nínú gíláàsì ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kó tó kí ẹni tó ni ọkọ̀.

Fíìmù tó ṣe kẹ́yìn, ti ayé àtijọ́ ni: ìyàwó ń yan àlè, ọkọ ń sunkún. Ta ló ṣe ọkọ olóòótọ́ náà? Ṣé ó yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ni? Ẹgbẹ́ Ìdílé Aláyọ̀ gbọ́, wọ́n ní ọjọ́ tí fíìmù náà bá jáde, àwọn máa fi í jẹ oyè Ọkọ Àwòkọ́ṣe. Láti ìgbà náà ni oorun ò ti kun ọ̀gá mọ́. Nínú gbogbo oyè tó wà láyé, èyí nìkan ló kù tí kò tíì fún ara rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń to àwòrán pọ̀ pè é sídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ ti ń búra yìí, ẹ jẹ́ ká gé e. Díńgí kan wà lẹ́yìn yín..."

"Gé kí ni? Ojú mi yìí?"

"Ẹ̀yìn yín ni kí ẹ wò, sà."

"Ta ló ń wo ẹ̀yìn níbi tí ojú mi wà? Tún fà á gùn sí i!"

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tiwa yìí tiẹ̀ ní kí ọdẹ fọn ọ́n kíkankíkan, kí òun lè fi jó.

Lọ́sàn-án Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá jókòó níwájú, ìyàwó rẹ̀ lọ́tùn-ún, ìyá alága ẹgbẹ́ lósì. Àwọn tó bá a ṣe fíìmù wà lẹ́yìn wọn, títí kan obìnrin aránṣọ tó rán aṣọ àtijọ́ náà.

Ibi ìbúra dé. Ojú ọ̀gá gba gbogbo ògiri.

"Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọ níyàwó," ló ń wí tomijé-tomijé, "ọwọ́ mi ò kan obìnrin mìíràn rí!"

Nínú díńgí ẹ̀yìn rẹ̀, aránṣọ lóṣòó nínú ṣòkòtò jíìnsì, ó di ọwọ́ tí ọ̀gá ká sẹ́yìn mú, ó ń fẹnu ko ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gbọ̀ngàn hó yèè. Ọ̀gá tí kò wo nǹkan kan ju ojú ara rẹ̀ lọ rò pé wọ́n ń yin òun ni. Ó dìde, ó tẹríba.

"Ọ̀gá," ìyá alága ní, "ta nìyẹn nínú díńgí?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. "Aránṣọ ni, mà. Ó ń... ó ń bá mi gán bọ́tìnnì."

"Ẹnu ló fi ń gán an?" ẹnì kan kígbe lẹ́yìn.

Ìyàwó ọ̀gá dìde. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọdún mẹ́rìndínlógún kì í ṣe ọjọ́ kan. Kò pariwo. Ó lọ bá aránṣọ, ó yọ ike oògùn kan nínú báàgì, ó gbé e lé e nítan.

"Àbúrò mi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rèé, ẹyọ kan láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lo máa bá a pa irun rẹ̀ láró. Ó máa ń hanrun. Eyín iwájú mẹ́rin yẹn, inú ife omi ni wọ́n ń sùn. Ó ti di ọwọ́ rẹ."

Ọ̀gá fọwọ́ bo ẹnu. Aránṣọ wo oògùn, ó wo ọ̀gá, ó sì sáré gbé báàgì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má fi í sílẹ̀ fún mi. Eyín yẹn gan-an ni mo rí tí mo fi gbà fún un!"