Fóònù Orí Igi Máńgòrò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà àdúgbò wa fi ń pa á lówe pé, ẹni tó gbé fóònù jìnnà sí ikùn, etí aládùúgbò ló gbé e sí? Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láoyè ni olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò. Tó bá wúkọ́ lásán, olè ewúrẹ́ á gba ọ̀nà mìíràn. Fadérera ìyàwó rẹ̀ lóyún. Oyún àkọ́kọ́ ti bà jẹ́ lára rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rù ń ba àwọn méjèèjì.

Ni Láoyè bá gbọ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ pé ìtànṣán tó ń jáde lára fóònù lè ṣe ọmọ inú léṣe. Ó délé, ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó, ó gbé e sórí tábìlì. Nígbà tó jẹun tán, ó ní tábìlì ti sún mọ́ ikùn jù, ó gbé e sójú fèrèsé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti so ó mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò láàárín àgbàlá. Fadérera kò jiyàn. Ta ló fẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tún ṣẹlẹ̀?

Bí ẹnikẹ́ni bá pè, Láoyè á lọ tẹ̀ ẹ́, á ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gbangba, á wá sá padà bí ẹni tó ṣáná sí ẹ̀tù. Fadérera á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi igbe dáhùn.

Ìyá Fadérera ló ń pè jù. "Ṣé o ti rí ìgbẹ́ yà?" Kí ọmọ tó lanu, àwọn ará ilé ti ń gbé ìbẹ́pẹ bọ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọdẹ jókòó yí igi náà ká, Láoyè ń kọ́ wọn bí ọkùnrin ṣe ń dojú kọ olè láìmikàn. Fóònù dún. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sá padà.

"Fadérera, ṣé ìwọ náà lo ṣì ń bá ọkọ rẹ lé eku?"

"Ìyá mi, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"N ò gbọ́. Eku ni mo ní. Oyún ti ga, má bẹ̀rẹ̀ mọ́. Kí òun náà sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kó pa eku fúnra rẹ̀. Kí ló tilẹ̀ ń sunkún sí? Eku kì í jẹ èèyàn."

Láoyè fò mọ́ fóònù, ó fa ẹ̀ka wálẹ̀. Ẹ̀ka bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ta padà, ó sì gbé fóònù lọ sókè réré. Láti ibẹ̀ ni ìyá ìyàwó ti ń ròyìn eku tó wọ Láoyè ní ṣòkòtò lọ́dún ìgbéyàwó, títí ohùn rẹ̀ fi dé àdúgbò kejì.

Igbákejì Láoyè dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ọ̀gá, a ó ṣọ́ àdúgbò lálẹ́ yìí. Ṣé ká mú ìyàwó yín dání ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Láoyè bá ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí, wọn ò tíì rí ẹ̀rí tó dájú pé fóònù ń pa ọmọ inú lára.

"Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ má gbé e lé ikùn, ẹ má sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni kẹ́ ẹ máa wá yẹ̀ wò déédéé."

"Tí a bá wá so ó mọ́gi ńkọ́?"

"Igi wo, bàbá?"

Láoyè gbé báàgì ìyàwó rẹ̀, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Fadérera bí ọmọbìnrin, tìyá tọmọ ń ṣe dáadáa. Àmọ́ títí dòní, bí àwọn ọdẹ yẹn bá rí ọkọ aboyún tó ń gbé fóònù ìyàwó rẹ̀ jáde síta, wọn á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jẹ́jẹ́, wọn á ní: "Ọ̀rẹ́, rọra o. Ẹni tó gbé fóònù jìnnà sí ikùn, etí aládùúgbò ló gbé e sí."