Ìpajẹ Nílé Làmídì

Nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń gbára dì fún wáẹ̀ẹ̀kì, Zubaidah ọmọ Làmídì gbégbá orókè nínú Bàọ́lọ́jì, ó wá fìdí rẹmi nínú Yorùbá, èdè tó fi ń bú ewúrẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní abúlé kan lẹ́bàá Erunmu, ní ó tó gẹ́ẹ́: lọ́jọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ Gbọ́njúbọ́lá télọ̀ ni ọmọ yóò gbà lọ, ilé ìwé parí. Tíṣà Olúmúyìwá, tó ń kọ́ wọn ní Yorùbá, ló ń sọ̀ lórí ọ̀kadà yìí láti wá bẹ̀bẹ̀. Làmídì wà lábẹ́ igi mángòrò, ó ń pọ́n àdá.

OLÚMÚYÌWÁ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Zubaidah.

LÀMÍDÌ: Ẹ ṣé, Tíṣà. Ẹ kú àbọ̀. Bó bá jẹ́ torí ọmọ yẹn lẹ ṣe wá, ẹ má wulẹ̀ jókòó. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀, kí ló tún fẹ́ gbọ́?

OLÚMÚYÌWÁ: Ó gbọ́ ọ, Bàbá. Àwọn ọ̀rọ̀ inú ẹ̀kọ́ náà ni kò tíì wọ̀ ọ́ lórí. Àkọ́kọ́, kò mọ olùwà.

(Àdá dúró lórí òkúta.)

LÀMÍDÌ: Kò mọ ta ni?

OLÚMÚYÌWÁ: Olùwà.

LÀMÍDÌ: Aúsùbílàhí! Ọmọ tó ń kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ẹ ní kò mọ Olúwa?

OLÚMÚYÌWÁ: Kì í ṣe Olúwa, Bàbá. Olùwà. Ẹ gbọ́ ohùn mi: re, dò, dò.

LÀMÍDÌ: Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run là ń sọ, ẹ ń dárúkọ dòdò!

OLÚMÚYÌWÁ: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Kò mọ àbọ̀ náà.

LÀMÍDÌ: Irọ́ nìyẹn. Kò sí àlejò tó wọ ilé yìí tí Zubaidah kì í kúnlẹ̀ kí pé ẹ kú àbọ̀.

OLÚMÚYÌWÁ: Àbọ̀ inú gbólóhùn ni mò ń wí! Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ńkọ́? Mo ní kó fún mi ní márùn-ún, kò fún mi ní ẹyọ kan.

LÀMÍDÌ: Àpọ́nlé márùn-ún? Baálẹ̀ wa gan-an kì í bèèrè tó bẹ́ẹ̀! Tíṣà, ìgbéraga yín ti pọ̀ jù.

OLÚMÚYÌWÁ: (ó ń nu òógùn) Gbogbo ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó ba èsì rẹ̀ jẹ́ jù ni ìpajẹ.

(Làmídì yára bojú wo ògiri tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Roheem aládùúgbò rẹ̀.)

LÀMÍDÌ: (kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́) Ìpajẹ? Kí ni wọ́n ní wọ́n pa jẹ?

OLÚMÚYÌWÁ: Fáwẹ̀lì.

LÀMÍDÌ: Kì í ṣe àkùkọ?

OLÚMÚYÌWÁ: Fáwẹ̀lì ni, Bàbá.

LÀMÍDÌ: (ó mí kanlẹ̀) Alihamudulilahi. Kò sẹ́ni tó ń sin ìyẹn ládùúgbò wa. Àkùkọ Roheem ló sọnù níjẹta, ó ní àfi kí gbogbo wa fi Kùránì búra.

OLÚMÚYÌWÁ: Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹ sọ pé "ní ilé".

LÀMÍDÌ: Ní ilé.

OLÚMÚYÌWÁ: Ẹ yára sọ ọ́.

LÀMÍDÌ: Nílé.

OLÚMÚYÌWÁ: Ẹ ti pa á jẹ!

LÀMÍDÌ: Èmi?

OLÚMÚYÌWÁ: Ẹ̀yin! Nílé! Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ!

LÀMÍDÌ: Tíṣà, ẹ rọra sọ̀rọ̀ ná!

OLÚMÚYÌWÁ: (inú rẹ̀ dùn, ó tún gbóhùn sókè) Kí ló ń bà yín lẹ́rù? Gbogbo wa là ń pa á jẹ lójoojúmọ́! Ọ̀gá ilé ìwé wa ń pa á jẹ!

LÀMÍDÌ: Díákónì yẹn náà?

OLÚMÚYÌWÁ: Tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹnu rẹ̀ yá. Ẹ wò ó, ó ti ń yé yín. Ká padà sórí olùwà. Olùwà ni ẹni tó ṣe nǹkan. Àbọ̀ ni ohun tó ṣe é sí. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ló ń sọ bó ṣe ṣe é. Ẹ foríjì mí pé mo dárúkọ yín: "Làmídì pa àkùkọ jẹ wéréwéré."

(Àdá bọ́ lọ́wọ́ Làmídì.)

LÀMÍDÌ: Ta ló sọ fún yín?

OLÚMÚYÌWÁ: Àpẹẹrẹ ni, Bàbá.

LÀMÍDÌ: Àpẹẹrẹ wo ló mọ ẹ̀yìn ilé ìdáná mi? Zubaidah ni! Odindi itan ni mo fún un pé kó panu mọ́!

(Tíṣà wo Làmídì, ó wo ògiri Roheem, ó tún wo Làmídì. Ó wá fa àpótí kan, ó jókòó.)

OLÚMÚYÌWÁ: Bàbá, nínú gbólóhùn yẹn, ta ni olùwà?

LÀMÍDÌ: (ohùn ti wálẹ̀) Èmi ni.

OLÚMÚYÌWÁ: Àbọ̀ ńkọ́?

LÀMÍDÌ: Àkùkọ Roheem.

OLÚMÚYÌWÁ: Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé?

LÀMÍDÌ: Wéréwéré. Kó má baà kọ.

OLÚMÚYÌWÁ: Ẹ gbà á tán! Lọ́jọ́ Ajé, ṣé ọ̀dọ̀ télọ̀ ni Zubaidah ń lọ, àbí ilé ìwé?

LÀMÍDÌ: Ta ló dárúkọ télọ̀? Ilé ìwé ni! Bó bá wù ú, kó máa sùn síbẹ̀!

OLÚMÚYÌWÁ: (ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín) Ọlọ́run á jẹ́ ẹ jèrè rẹ̀. Àpẹẹrẹ yìí mà dára o. Òun ni n ó fi kọ́ gbogbo kíláàsì. Ishaq ọmọ Roheem náà kò kúkú mọ olùwà, èyí á yé e dáadáa.

(Làmídì dì í lápá mú.)

LÀMÍDÌ: Tíṣà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí àkùkọ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wéréwéré náà wà níbẹ̀. Olùwà nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi pa jẹ.